Ọ̀run Ń Ya Bọ̀, Kì Í Ṣe Ọ̀ràn Ẹnìkan

  Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lórí ọkọ, orogún, àti owó àjọ tí ẹnìkan kó sá lọ. Ẹ ní sùúrù, yóò kàn yín. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gba gbogbo ààyè tòní, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ń dáhùn lẹ́tà, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí.

Mẹkáníìkì fíríìjì kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́. Ó ní òun ti pé ọdún 26 nídìí iṣẹ́ náà, òun sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun ń tú gáàsì inú fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja kan dà sí afẹ́fẹ́ kí òun lè rọ tuntun sí i, ni ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọjá lọ bá dúró, ó ní: "Bàbá, ojú ọ̀run ilẹ̀ yìnyín lẹ̀ ń bà jẹ́ yẹn o." Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí ọ̀gá. Ló bá mú bírò, ó kọ̀wé sí mi pé:

"Ọ̀gá wa, ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí. Ibo ló ń jẹ́ ilẹ̀ yìnyín? Ta ló ni ín? Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, ta ni mo ṣẹ̀? Ṣebí òyìnbó ló ṣe gáàsì ọ̀hún? Àwọn ló tà á fún wa, àwọn náà ló tún ń pè wá ní ọ̀bàyéjẹ́."

Ìbéèrè ọkùnrin nìyí. Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

IBO NI?

Ilẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá, níhà gúúsù. Antarctica ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Naijiria wa yìí, láti Sókótó dé etí òkun Èkó, bí ẹ bá to irú rẹ̀ 15 pọ̀, á ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ilẹ̀ yẹn ni. Yìnyín ló sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe yìnyín tó ń bá òjò rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ o. Yìnyín tó nípọn ju máìlì kan lọ ni mò ń wí. Ní oṣù Keje ọdún 1983, ní ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Vostok, òtútù lọ sí ìwọ̀n 89 nísàlẹ̀ òdo. Fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja, bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo ni. Ẹ wá fi wéra. Bí àkókò òtútù bá sì dé, oòrùn a wọ̀, kò tún ní yọ mọ́. Ní góńgó ìsàlẹ̀ ayé gan-an, òkùnkùn náà máa ń tó oṣù mẹ́fà.

Kò sí ọmọ bíbí ibẹ̀. Kò sí baálẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀. Ẹyẹ pẹngúìnì tí kì í fò, ẹran omi séèlì, àti ẹja ńláńlá àbùùbùtán nínú òkun tó yí i ká, àwọn ló ni ilé. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ lónìí, iṣẹ́ ìwádìí ló gbé wọn lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á padà sílé.

Ẹ má wá rò pé nítorí kò sí èèyàn, wọn ò ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1904, àwọn ará Nọ́wè dá ibùdó ìpa-àbùùbùtán sílẹ̀ ní erékùṣù South Georgia, nínú òkun ìhà ibẹ̀. Ọ̀rá ẹja náà ni wọ́n ń yọ́. Òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti màjárínì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì ní Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Orílẹ̀-èdè yìí dé, tọ̀hún dé. Ní sáà kan péré, láti 1930 sí 1931, nǹkan bí 29,000 ni wọ́n pa nínú àbùùbùtán aláwọ̀ aró, ẹran tó tóbi jù lọ láyé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé èyí tó kù ńkọ́. Ìgbà tí ẹja náà fẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n tó ń pe ìpàdé. 1946 ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n fún ara wọn láàyè láti pa ṣì pọ̀ jù. Ó di 1986 kí òfin tó dá pípa rẹ̀ fún títà dúró. Àdéhùn tó pẹ́ kó tó dé ni.

TA LÓ NI ÍN?

Ẹ gbọ́ o, ìjà ilẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Orílẹ̀-èdè méje ló na ọwọ́ sí ilẹ̀ yìnyín pé tàwọn ni: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Nọ́wè, Ọsirélíà, New Zealand, Ajẹntínà àti Ṣílè. Gẹ̀ẹ́sì, Ajẹntínà àti Ṣílè tiẹ̀ ń fa ibì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Ní oṣù Kejì ọdún 1952, níbì kan tó ń jẹ́ Hope Bay, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti tún ibùdó wọn kọ́, ni àwọn sójà ojú omi Ajẹntínà bá yìnbọn kọjá lórí wọn. Lórí yìnyín! Níbi tí àgbàdo kan kò lè hù!

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1957 sí 1958, orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ṣe ìwádìí kárí ayé, àwọn tó sì ń bá ara wọn jà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí yìnyín náà. Ìyẹn ló ṣí wọn lójú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 12 jókòó ní ìlú Washington, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà tó ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà náà, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Nínú àwọn 12 yẹn, South Africa nìkan ló ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, ìjọba aláwọ̀ funfun tó ń tẹ àwọn èèyàn dúdú mọ́lẹ̀ ló sì wà lórí àlééfà níbẹ̀ nígbà náà. Ó yẹ ká rántí ìyẹn náà.

Kí ni wọ́n sọ? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí kan ń jìjà ilẹ̀, tí wọ́n wá jókòó, tí wọ́n ní: "Kí kálukú di ẹjọ́ tirẹ̀ mú. A ò ní kó jẹ̀bi, a ò sì ní kó jàre. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kún ohun tó ń béèrè, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìjà wọ agboolé, ká sì jọ máa pọn omi nínú kànga àárín ilé." Omi kànga náà ni ìmọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá rí, kó sọ fún ìyókù. Ogun kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ dán bọ́ǹbù wò níbẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ da ìdọ̀tí átọ́míìkì síbẹ̀. Àwọn tó ń dìbò nínú àdéhùn náà sì lè yẹ ibùdó ara wọn wò, láìsí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Kò sí ọba níbẹ̀ di òní olónìí. Ìpàdé ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń dìbò bá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lè di òfin. Ẹ rí i, ó dára, nítorí kò sí alágbára tó lè dá ṣe é. Ó burú náà, nítorí ẹnì kan lè jókòó lé ọ̀rọ̀ lórí fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi òkun Ross ṣe ibi ààbò fún ẹja àti ẹyẹ, ọdún 2012 ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ó di 2016 kí gbogbo wọn tó fohùn ṣọ̀kan.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1989, ọkọ̀ ojú omi Ajẹntínà kan tó ń jẹ́ Bahía Paraíso kọlu àpáta níbẹ̀, dísù tó gbé dà sínú òkun, àwọn ẹyẹ kú. Àsìkò yẹn náà ni àwọn kan ń palẹ̀ mọ́ láti máa wa kùsà lábẹ́ yìnyín. Ìwé rẹ̀ ti délẹ̀ ní 1988. Ọsirélíà àti Faransé ló kọ̀ jálẹ̀. Ní 1991, ní ìlú Madrid, wọ́n wá tọwọ́ bọ òfin mìíràn: kò gbọdọ̀ sí ìwakùsà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí wíwa epo rọ̀bì. Wọ́n ní kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí wọn padà lọ sílé. Kódà wọ́n lé ajá kúrò níbẹ̀ ní 1994, kí àrùn ajá má baà ran séèlì. Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òfin ìwakùsà yẹn yóò parí ní 2048. Irọ́ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láti ọdún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí wọ́n tún òfin náà yẹ̀ wò. Yíyẹ̀wò kì í ṣe píparí.

KÍ LÓ KAN MẸKÁNÍÌKÌ ÌBÀDÀN?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ó ní òfin tí kò lè dé ibi tí ìbàjẹ́ ti ń wá. Ẹ lè lé ajá kúrò lórí yìnyín, ẹ ò lè lé afẹ́fẹ́.

Láyé àtijọ́, gáàsì tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì máa ń pa èèyàn bó bá jò nínú ilé. Ní 1928, wọ́n ṣe irú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Kì í jóná, kì í pani lára, kì í tètè bàjẹ́. Gbogbo ayé dunnú. Èyí tí ẹ̀yin mẹkáníìkì mọ̀ sí R-12 wà nínú ìdílé rẹ̀. Wọ́n fi sínú fíríìjì, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fi sínú agolo tí wọ́n ń fọ́n lọ́fínńdà. Ṣùgbọ́n ohun tí a tìtorí rẹ̀ yìn ín náà ni àléébù rẹ̀. Nítorí kì í tètè bàjẹ́, bí a bá tú u sí afẹ́fẹ́ ní Ìbàdàn, kò ní kú sí Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ yóò gbé e kiri ayé, yóò gbé e gòkè, R-12 sì lè wà lókè fún nǹkan bí 100 ọdún.

Lókè lọ́hùn-ún, Ọlọ́run fi nǹkan kan ṣe agbòòrùn fún wa. Ósóònù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sé apá búburú nínú ìtànṣán oòrùn, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, tó ń ba ojú jẹ́, tó sì ń pa irúgbìn lára. Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Mario Molina àti Sherwood Rowland, kìlọ̀ pé gáàsì fíríìjì yóò jẹ agbòòrùn náà. Àwọn tó ń tà á ní ariwo lásán ni.

Nísàlẹ̀ ayé, ní ibùdó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Halley, àwọn èèyàn kan ń wọn ósóònù látẹ̀yìnwá. Láti nǹkan bí 1957 ni. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni: wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, bí ìyá aláte ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà sínú ìwé. Nígbà tó yá, Joe Farman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, ósóònù ń lọ sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ wọn ti gbó. Wọ́n gbé tuntun lọ, ohun kan náà lòun náà sọ. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó ń yí ayé po lókè ọ̀run ti rí i náà, àmọ́ ìwọ̀n náà kéré débi pé wọ́n kà á sí àṣìṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin tẹ̀ ẹ́ jáde fáyé kà: agbòòrùn ti lu lórí ilẹ̀ yìnyín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, tí kì í ṣe orí Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York? Òtútù ni. Nínú òkùnkùn oṣù gbọọrọ yẹn, òtútù òkè máa ń mú débi pé ìkùukùu yìnyín ń dì síbẹ̀. Orí ìkùukùu yẹn ni oró inú gáàsì wa ń jókòó sí. Bí oòrùn bá wá padà yọ ní oṣù Kẹsàn-án, oró náà á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ósóònù bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ẹyọ kan rẹ̀ lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún jẹ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ rí ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ báyìí? Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń fi yín ṣe.

TA LÓ JẸ̀BI?

Ẹ ní òyìnbó ló ṣe é, òyìnbó ló tà á. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn ló lò ó jù, àwọn ló jèrè rẹ̀ jù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ yìí, nítorí ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ayé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, wọ́n ṣe àdéhùn ní ìlú Montreal. Wọ́n ní kí àwọn olówó kọ́kọ́ jáwọ́. Wọ́n fún àwa tí a kò ní tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 10 sí i. Ní 1990, wọ́n fi kún un pé kí àwọn olówó dá owó jọ láti fi kọ́ àwọn oníṣẹ́ wa, kí wọ́n sì fi yí ẹ̀rọ wa padà. Naijiria wọlé ní 1988. Nígbà tó fi di 2009, kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí kò tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti 2010, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti ṣe R-12 tuntun fún fíríìjì mọ́. Lóòótọ́, olè ò tán láyé: ní 2018, àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ rí i pé ẹnìkan tún ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tí wọ́n fòfin dè. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ìlà oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló tún mú un.

Àbájáde rẹ̀ ńkọ́? Ìwé tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2022 sọ pé bí ayé bá di òfin yìí mú, agbòòrùn orí ilẹ̀ yìnyín yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2066. Ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn yẹn yóò ti di ìyá ọlọ́mọ. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Àwọn èèyàn ba nǹkan jẹ́, àwọn èèyàn kan náà sì jókòó, wọ́n ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Gáàsì R-134a tí wọ́n fi rọ́pò R-12 kì í jẹ ósóònù, àmọ́ ó ń mú ayé gbóná. Bí a bá wọn ìwọ̀n kan rẹ̀ àti ìwọ̀n kan èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, agbára ìmóoru tirẹ̀ ju ìlọ́po 1,000 lọ. Bí ayé bá sì gbóná, yìnyín orí ilẹ̀ á yọ́. Inú òkun ni omi rẹ̀ ń lọ, òkun kan náà tó dé Èkó tó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Ìlàjẹ. Ní 2016, ní Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà, wọ́n fi kún òfin Montreal pé kí a dín irú gáàsì yìí náà kù.

ÌMỌ̀RÀN MI

Èmi náà jẹ̀bi. Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo san owó gáàsì lórí fíríìjì ilé mi. Ẹni tó ń tún un ṣe á kàn rọ gáàsì, á gbowó, á lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, omi ò tutù mọ́. Àgbà mẹkáníìkì kan ló wá là mí lóye: gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tó dí pa ló ń yí po. Bó bá dín kù, ó ń jò ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin oníomi tútù, bí fíríìsà yín bá ń béèrè gáàsì léraléra, ẹ má kàn sanwó. Ẹ ní: "Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá ibi tó ti ń jò." Owó yín lẹ ń dáàbò bò, kí ẹ tó dáàbò bo ojú ọ̀run.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, omi ọṣẹ lásán lára oríkèé páìpù á fi ibi tó ń jò hàn yín. Ẹ jó o pa kí ẹ tó rọ tuntun. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹ má tú u dà sí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ wà tó ń fà á sínú sìlíńdà, kí a lè tún un lò. Ó wọ́n fún ẹnì kan, kò wọ́n fún ẹgbẹ́. Ṣebí ẹ̀yin náà ń dá àjọ? Ẹ fi àjọ rà á, kí ẹ máa yá a lò. Ẹ sì ṣọ́ra fún R-600a àti R-290 tó wà nínú ẹ̀rọ tuntun. Wọn kì í jẹ ósóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. Ẹ má gbé iná sún mọ́ páìpù tí wọ́n bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá mi, ẹ bi mí pé ta lẹ ṣẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó ń gbé. Mo ti dáhùn. Ilẹ̀ yìnyín kò ní onílé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni agbòòrùn gbogbo wa ti kọ́kọ́ ya. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, wọn ò rí fíríìjì rí.

Ẹ bá mi pe ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kí ẹ ra mínírà tútù kan fún un. Kó tutù dáadáa o, kí gáàsì má jò.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ta fíríìsà rẹ̀ láìsọ fún un, lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi, ìwọ ló kàn.